Bí Mo Ṣe Ń Kàwé Láìwo Ìwé

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń kàwé láìwo ìwé rárá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mi ò tíì pé ọdún kan ní Peckham lọ́dọ̀ Mọ́mì, tí wọ́n ti ṣáájú mi wá sí London nígbà tí mo ṣì wà lọ́wọ́ Màmá Àgbà n'Íbàdàn. Ẹ bi mí ní ìbéèrè, màá dá yín lóhùn, kódà màá fi àlàyé tí ẹ ò béèrè kún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú mi, ojú mi á kàn máa rìn lórí lẹ́tà ni, ẹnu mi ò ní rí nǹkan kan sọ. Mọ́mì mọ̀. Wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún mọ̀.

Lọ́dún náà ni àwọn olùwádìí kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé tí àwọn òbí wa dá sílẹ̀ lókè ilé ìkẹ́rùsí kan ní Old Kent Road, èyí tó máa ń di ṣọ́ọ̀ṣì tó bá di ọjọ́ Sunday. Yunifásítì kan níbí àti òmíràn n'Íbàdàn ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ ìlú méjèèjì ṣe ń kàwé, kí wọ́n lè wá olùkọ́ fún àwọn tí ìwé kíkà ń fún ní wàhálà. Wọ́n pe àwọn òbí sí ìpàdé, wọ́n sì fi ojú ewé kìíní ìwé tí a máa kà hàn wọ́n, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Háà! Ẹ fi ìdánwò han ìyá Yorùbá, ẹ ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀! Kí wọ́n tó mu tíì tán, Mọ́mì ti fi fóònù ya ojú ewé náà, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ìyá yòókù lórí WhatsApp.

Ni ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Lewisham, nídìí ìfọṣọ, nígbà tí wọ́n bá ń dirun fún mi: "Ó yá, tún un kà." Ìtàn odò kan ni, àti ọmọkùnrin kan tó fẹ́ sọdá. Mọ́mì ní bí mo bá fìdí rẹmi, àwọn káńsù máa dá mi padà s'Íbàdàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fẹ́ràn Màmá Àgbà, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìyá mi ni, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí wọ́n wá láti Ìbàdàn ló pè mí jókòó. Kóòtù ńlá ló wà lọ́rùn wọn nínú ilé, òtútù ń mú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì gbá ìtàn odò mi mú. Mò ń kà á geere, mò ń gbé ohùn sókè sódò bí ẹni ń ka ìròyìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá rọra ṣí ìwé náà síwájú, sí ojú ewé tó jẹ́ pé àwòrán ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Kí ló kàn mí kan ewúrẹ́? Mò ń bá odò mi lọ títí ọmọ náà fi gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún káńsù."

"Káńsù wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ bá àwọn ìyá tí wọ́n jókòó ní yàrá kejì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ẹ ò tíì kúrò n'Íbàdàn rárá. Àwọn ìyá tó wà lọ́hùn-ún náà ti há odò yìí sí ọmọ wọn lórí." Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. "Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà là ń wá. Olùkọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bí gbogbo ọmọ yín bá ti mọ̀wé, a óò mú olùkọ́ wa lọ síbòmíràn nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dá ọmọ kankan padà síbì kankan."

Níwájú àwọn tí wọ́n ń fi ọmọ yangàn síra wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta ló máa kọ́kọ́ lanu? Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Ohùn Mọ́mì ni mo gbọ́. Wọ́n ti dìde, wọ́n ti wá dúró tì mí, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

"Tèmi ò mọ̀ ọ́n kà o," wọ́n wí ketekete. "Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀."

Ìyá kan bá dáhùn láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ bá mi kọ tèmi náà." Kó tó pẹ́, wọ́n ti ń tò sẹ́yìn ara wọn.

Olùkọ́ náà dé lóòótọ́. Yàtọ̀ sí ohun tó ń kọ́ wa, a máa ń kàwé fún àwọn ọmọ Ìbàdàn lórí kọ̀ǹpútà, àwọn náà á kà fún wa. Ọmọbìnrin tó máa ń bá mi kà lọ́hùn-ún kò mọ̀ ọ́n jù mí lọ, nítorí náà ojú kì í ti ẹnikẹ́ni nínú wa. A jọ ń ṣì í kà, a jọ ń rẹ́rìn-ín, títí ọ̀rọ̀ inú ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lóhùn.

Mo ti di olùkọ́ báyìí ní Catford. Bí mo bá rán Mọ́mì létí ọjọ́ yẹn, wọ́n á sẹ́ kanlẹ̀. "Èmi? Kí n dìde láwùjọ kí n ní ọmọ mi ò mọ̀wé? Ìwọ tó o ti ń kàwé látinú oyún!" Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi mí yangàn kiri gbogbo Peckham, mi ò sì rántí ìdajì nínú ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo rántí bí wọ́n ṣe di ọwọ́ mi mú nígbà tí wọ́n ń sọ òótọ́ nípa mi, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kò sẹ́ni tó máa dá mi padà síbì kankan.