Ẹnu Tó Pe Ìwà Ìkà Ní Àyànmọ́

Nígbà tí ogun Kírìjì gbóná, gbogbo ilé ní Àrámọkọ ló ń ru iṣu lọ sí àgọ́ àwọn jagunjagun wa. Ní ilé tiwa, àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló gba iṣẹ́ náà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá òun ru agbọ̀n kan. Ọjọ́ kẹfà ló padà dé, òun nìkan. Ìbọn tuntun wà ní èjìká rẹ̀.

"Ọmọ mi dà?" ni ìyá mi bi í.

"Àwọn akónilẹ́rú yọ sí wa lọ́nà. Mo sá, òun ò lè sá. Àyànmọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí èèyàn bá kúnlẹ̀ yàn, òun náà ló ń dáyé bá."

Àwọn àgbà ilé mirí sí i, wọ́n ní òótọ́ ni. Ìyá mi náà gbà, nítorí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sunkún ju kó bá àbúrò rẹ̀ jà lọ. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń sá fún akónilẹ́rú, níbo ló ti rí ìbọn? Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin ni mí, ta ni yóò gbọ́ tèmi? Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí mo ń kúnlẹ̀ kí i, tí mo sì ń wo ọrùn rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń lọ sóko lójú ọ̀nà Ìkọ̀gòsì, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kérora nínú igbó ọ̀pẹ. Àbúrò ìyá mi ni. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ti já, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Sáré lọ pe àwọn ará ilé wá!"

Mo sọ agbọ̀n mi kalẹ̀. Mo jókòó. Mo yọ iṣu sísun tí mo dì dání, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

"Ṣé o ò gbọ́ mi ni?"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Àyànmọ́ yín ni."

Ó bẹ̀ mí, ó ṣépè. Oòrùn ń mú, èèrà sì ti ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kígbe: "Àyànmọ́ kọ́! Ìwọ ni! Ìwọ lo jókòó síbẹ̀ yẹn! O lè dìde bí o bá fẹ́!"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, lọ́jọ́ yẹn lójú ọ̀nà àgọ́?"

Ó bú sẹ́kún. "Mo lè mú un padà wálé. Mi ò mú un padà. Ìbọn ló wọ̀ mí lójú. Èmi ni mo tà á."

Mi ò tíì dìde. Mo jẹ iṣu mi tán ná. Lẹ́yìn náà ni mo lọ pe àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi tún un sọ. Ó tún un sọ lójú ìyá mi. Ìyá mi yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Wọ́n lé e kúrò nílé. Ó ń tiro lọ bá àwọn àna rẹ̀ ní Odò-Ọwá. Ẹ̀gbọ́n mi ò padà wá láéláé.

Mo ti rò ó títí. Ó lè jẹ́ pé orí ló já igbà yẹn, tó sì mú mi gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò bá orí jiyàn. Orí lè gbé èèyàn dé oríta, ẹsẹ̀ ẹni ló ń yà. Iṣu tí mo jẹ tán kí n tó dìde, èmi ni mo jẹ ẹ́, ó sì dùn lẹ́nu mi. Mi ò ní purọ́ mọ́ orí.

Nígbà tí àbúrò ìyá mi kú, wọ́n ránṣẹ́ pé kí n wá sí ìsìnkú. Mo ní ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ mi ò dí. Abẹ́ igi ni mo jókòó sí, tí mo ń gba atẹ́gùn.