Orin Òyìnbó Tí A Gbọ́ Sí “Ó Ti Dé”

Àwọn ọmọ mi ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe bí òjò bá há wa mọ́lé. Kálukú yóò dárúkọ orin àtijọ́ tó fẹ́ràn jù, yóò sì sọ ohun tí orin náà ń rán an létí. Tiwọn kì í gùn: ibi tí wọ́n ti jó, ẹni tí wọ́n ń fẹ́ nígbà náà, ó parí. Bó bá kàn mí, mo máa ń dìde lọ wo ìkòkò lórí iná. Kì í ṣe pé ojú ń tì mí. Orin tèmi gùn ju eré wọn lọ, bí mo bá sì ti rántí rẹ̀, mi ò lè jókòó sójú kan mọ́.

Fòfó mi ló mú orin òyìnbó wọ ilé wa lẹ́bàá Odomẹ̀ta, nílẹ̀ Kétu tó bá Nàìjíríà pààlà. Fòfó ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa. Ó ń bá àwọn onímọ́tò akẹ́rù lọ sí Nàìjíríà, ibẹ̀ ló sì ti ra mańyẹ́tò kan, ẹ̀rọ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tí ọwọ́ ìgbámú rẹ̀ ti kán. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò pọ̀, gìtá ló sì kún inú gbogbo wọn. Ọ̀kan wà tí gìtá inú rẹ̀ ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi béèrè pé màlúù ta ni wọ́n ń pa. Nínú òmíràn, ọkùnrin kan ń fọn fèrè, ó sì ń kọrin jẹ́jẹ́. Ìyá bàbá mi ní kí wọ́n wá oúnjẹ fún un, pé ohùn yẹn kì í ṣe ohùn ẹni tó yó. Ní tèmi, èyí tó ń ké bíi màlúù ni mo fẹ́ràn jù. Bí mo bá gbọ́ ọ, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sáré, mi ò sì mọ ibi tí mò ń sá lọ. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, abúlé sì ti fún mi bí ẹ̀wù èṣí.

Ayé Ẹhúzú la wà. Àwọn Fọ̀n ló ni ọ̀rọ̀ náà, “ó ti yí padà” ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun ni a sì ń pe ìjọba tuntun. Gbogbo wa di kàmáràdì, ẹlẹgbẹ́ ara wa, títí kan dẹlẹgé, aṣojú ìjọba lábúlé wa, tó ń fi ìpàdé gba ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ti yí padà. Kànga wa ṣì jìn bó ṣe jìn látijọ́, okùn rẹ̀ sì ń bó wa lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, fòfó mi lọ, kò padà. Kò pẹ́ sí i ni Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Àwọn tó gba ọ̀nà inú igbó wá kò rí i, wọn kò gbúròó rẹ̀. Mańyẹ́tò rẹ̀ wà nílé, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì kù nínú rẹ̀, èyí tí mi ò kà sí: gìtá kan, àti ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ há. Lọ́jọ́ kan tí mo tàn án, ìyá mi ń hó ẹ̀gẹ́. Nígbà tí orin dé ibi ègbè, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ gbọ́,” ó ní. “Ó ń sọ pé ó ti dé.”

Gbogbo wa tẹ́tí. Òótọ́ ni. Ọkùnrin náà ń pè é ketekete bí ọmọ Kétu: ó ti dé, ó ti dé. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún lè gbọ́ ọ sí nǹkan mìíràn nínú ilé wa.

Orin kì í pẹ́ di ti gbogbo ayé níbi tí àwọn obìnrin bá ti ń rin ẹ̀gẹ́. Àwọn tó ń bá ìyá mi ṣe àáró, tí òun náà ń lọ bá ṣe tiwọn, gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan á dá a pé, “Ta ló dé?” Àwọn yòókù á gbè é pé, “Ó ti dé.” Ó gba ọ̀nà Ìlárá: ó ti dé. Ó ru ẹrù wálé: ó ti dé. A máa ń sá píìlì, ìyẹn bátìrì mańyẹ́tò, sóòrùn kí agbára rẹ̀ lè padà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí píìlì kú pátápátá, kò sẹ́ni tó wá a mọ́. Dẹlẹgé gbọ́ orin náà, inú rẹ̀ dùn, ó ní Ẹhúzú ni wọ́n ń kí káàbọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wá láti Kétu, ó kó àwọn obìnrin náà jáde láti kọ ọ́. Ìyá mi ló dá a. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún Ẹhúzú, ìyá mi sì ń kọrin pe ọmọ rẹ̀.

Àkókò yẹn ni àbúrò bàbá mi tó wà ní ìlú ńlá Àjàṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ òun. Mo ti di ẹrù mi nínú ọkàn kí ẹni tó jíṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ tán. Ìyá mi ní kí n mú sùúrù, bí fòfó mi bá dé, màá lọ. Kò yẹ kó bá ilé lófo. Mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú, mo yan odì. Kò yí i padà. Mo wá kórìíra orin náà, nítorí ó ti dé lójoojúmọ́, kò sì wọlé rí. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, màá gbé garawa, màá kọrí sí kànga, bí omi tilẹ̀ kún ilé.

Obìnrin oníṣòwò kan ló gba inú igbó wá láti ìhà Nàìjíríà, ó wá ra gàrí. Ó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa. Ó bá àwọn obìnrin lẹ́nu orin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní òun mọ orin yẹn, pé gbogbo rédíò ọ̀dọ̀ wọn ló ń kọ ọ́. Ó ní “òó, tudé” ni ọkùnrin náà ń pè, pé òní ni òyìnbó ń pè ní tudé. Ó ní ohun tí ọkùnrin náà ń kọ ni pé òun ń fi ilé sílẹ̀ lónìí, kí ẹnikẹ́ni má dúró de òun.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò lọ, kò bọ̀.  Lẹ́yìn náà ni ìránṣẹ́ Àjàṣẹ́ tún dé: bí mi ò bá wá kí òjò tó dá, wọn yóò mú ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá mi ń yan gàrí nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní bí fòfó mi bá dé. Inú bí mi.

“Ìyá, kò sọ pé ó ti dé. Òní ló ń pè lédè òyìnbó. Ó ní òun ń lọ lónìí, kí wọ́n má dúró de òun.”

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, nítorí gàrí tí a bá fi sílẹ̀ lórí iná yóò jó. Ó béèrè ẹni tó sọ fún mi, mo sọ. Ó béèrè bóyá obìnrin náà gbọ́ èdè òyìnbó lóòótọ́, mo ní ó gbọ́ ọ. Ó kó èyí tó yan kúrò, ó da òmíràn sí i. Ó wù mí kó tilẹ̀ bú mi.

“Mo mọ̀ pé òyìnbó kò gbọ́ èdè Nàgó wa yìí,” ó ní. “Ta ni ì bá kọ́ ọ?” Ó ro gàrí náà fún ìgbà díẹ̀. “Bó bá jẹ́ ẹni tó ń lọ ló ń kọ ọ́, ìwọ ló ń bá wí nìyẹn. Máa lọ. Ṣùgbọ́n má sọ fún àwọn yòókù. Orin yẹn, fi í sílẹ̀ fún mi bí mo ṣe gbọ́ ọ.”

Mo wọ bàṣé, ọkọ̀ kékeré onítapólì tó ń kó èrò, lọ́jọ́ ọjà Kétu. Ayọ̀ mi pọ̀ débi pé ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, mo sì sunkún títí a fi kọjá Pobẹ́.

Mo kọ́ṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó wá kí wọn nílé. Ìdí ẹ̀gẹ́ ni mo bá wọn, àwọn obìnrin sì bú sórin kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyá mi dìde. Ó wo ẹ̀yìn mi ná, títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà, bóyá ẹnìkan ń tẹ̀ lé mi, kó tó bá wọn gbè é.