Ọ̀pá Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Tẹ̀

Ẹ̀rín ni mo fi ń tajà. Ẹni tó bá yà sí ìsọ̀ mi ní Ìkọ̀lé, tí kò ra bàtà tàbí bọ́ọ̀lù òkèèrè, á gba èébú díẹ̀ lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan wà tí ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù ló pa á.

Oníbàárà mi kan ni, olùkọ́ ní yunifásítì, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè wo ibà. Ó gbé igi gọ́ọ̀fù kan wá ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, èyí tí wọ́n ń pè ní dráífà, tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù tó máa lọ jìnnà jù. Orí rẹ̀ tóbi tó àgbọn tí a ti bó. Orí ọ̀hún wà, ọ̀pá rẹ̀ ló dá.

"Ìyá, ọ̀pá nìkan ni mo fẹ́. Ẹ má tà á wọ́n fún mi o. Owó iléèwé àwọn ọmọ ti gbé owó oṣù mì."

"Ta ló ní kí ẹ máa fi igi lu ilẹ̀ nígbà tí owó kò sí? Àwọn bàbá wa fi ọkọ́ lu ilẹ̀, iṣu ló tibẹ̀ jáde. Kí ló ń jáde nínú tiyín?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀pá gọ́ọ̀fù méjì ló kù nínú ẹrù òkèèrè tí mo tú, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Kì í ṣe irin, kì í ṣe igi. Nǹkan fífúyẹ́ kan báyìí ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Dókítà gbé dúdú, ó jù ú síwá sẹ́yìn, ó ní èyí gan-an ló bá apá òun mu. Mo dárúkọ iye rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹyin.

"Pupa yìí wúwo díẹ̀," ó ní, "ṣùgbọ́n apá tálákà a máa kọ́ ẹrù gbígbé. Ṣé ó lágbára?"

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní ìlú Ìfisìn. Bó bá fẹ́ ra ẹ̀rúkọ́, á fi ìdí rẹ̀ ti ilẹ̀, á fẹsẹ̀ tẹ àárín rẹ̀, á sì fa orí rẹ̀ sókè. Èyí tó bá dún, kò ní í rà á. Ni mo bá fi ọ̀pá pupa ti ilẹ̀, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo fà á. Ó tẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní "kẹ́", bí ìgbà tí eku bá fi eyín kan ẹ̀pà.

Dókítà kò gbọ́. Ó ti dojú kọ fóònù rẹ̀, ó ń fi owó ránṣẹ́. "Ó ti wọlé, Ìyá," ó ní. Mo yẹ ọ̀pá náà wò, n kò rí ìlà kankan lára rẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo dákẹ́.

"Màá ní kí wọ́n fi orí igi mi sí i, a ó dán an wò ní Sátidé," ó ní, "ní pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lọ́nà Ìtapàjí. Ọmọ mi obìnrin kékeré ló máa fi fóònù yà mí."

"Ibo ló máa dúró sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀."

Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ọmọdé lọ́nà, iwájú orí rẹ̀ ni mò ń wò. Mo pe Dókítà ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó gbé e, mo ní mo kàn fẹ́ kí i ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mo gbọ́ ìró náà kí owó rẹ̀ tó wọlé?

Ní àárọ̀ Sátidé mo tún pè é, kò gbé e. Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo gun ọ̀kadà.

"Ìyá, ṣé ulé yín ń jó ni?" ọlọ́kadà bi mí.

"Sáré, pa ẹnu dé!"

Nígbà tí a débẹ̀, Dókítà wà láàárín pápá, ọmọ náà sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù sókè. Mo pariwo pé, "Dókítà! Ẹ dúró!" Ó juwọ́ sí mi. Ó rò pé mo wá wòran ni. Ó gbé igi sókè. Mo ń sáré, bàtà mi kan ti bọ́, mo ń pariwo. Ó gbá a.

Ìró yẹn kan náà ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó dún bí ìbọn. Orí dráífà náà já, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí ọmọ náà kọjá, ó lọ ba pákó fèrèsé iléèwé. Ọmọ náà dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Mo di orí rẹ̀ mú, mò ń wá ẹ̀jẹ̀ láàárín irun tí wọ́n dì fún un. N kò rí ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè yọwọ́.

Dókítà ju kùkùté ọ̀pá náà sílẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú," ó ní. "Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n gbá. Ọjà yín kò lẹ́bi."

Ǹ bá gbé ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ sílé. Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n orí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó gbóná, ó ń làágùn.

"Dókítà, ẹsẹ̀ mi ló ba ọ̀pá náà jẹ́. Mo fi dán an wò níṣojú yín, ó dún, mo sì gbọ́ ọ."

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ èsì tí n ó fọ̀. Ó kàn gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, níbi tí n kò sí.

Ní Mọ́ńdè mo gbé ọ̀pá dúdú lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, n kò gba kọ́bọ̀. Ó wo ọ̀pá, ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Ìyá, ṣé ẹ ti tẹ èyí náà?"

"Ẹsẹ̀ mi kò kàn án."

Ó ní kí n gbé e sórí tábìlì.

Bó bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi báyìí, ó máa ń kí mi, èmi náà á sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tó bá mú ọmọ náà dání, òdìkejì títì ni wọ́n máa ń gbà.