Etí Tí A Dẹ Sí Ẹ́ńjìnnì

Mo júbà ọkùnrin tó ń fi etí lásán wo ẹ́ńjìnnì. Kì í mú sípánà, kì í tú nǹkan kan. Yóò fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò dijú díẹ̀, yóò sì dárúkọ àìsàn ẹ́ńjìnnì bí ẹni pé òun ló gbẹ̀bí rẹ̀.

Lọ́dún tí omi odò Ògùn tún wọ àdúgbò wa lẹ́yìn Mile 12, ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ jáde sí títì. Ìyá mi gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kí wọ́n lè yọ ohun funfun tó bo ojú ọ̀tún wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọjọ́ náà.

Aago méje, a ti jókòó. Ọlọ́kọ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó wà ní ìdí ọkọ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, kò sì sitáàtì. Okùn tí wọn ì bá fi fà á ti já tipẹ́.

Ọlọ́kọ̀ ní, "Ó jọ pé ẹnu wáyà yìí ni. Ẹ jẹ́ kí n tú u wò."

Aládùúgbò wa kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, na ọwọ́ dá a dúró. Ó dẹ etí. "Bátìrì ló kú."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Daddy," ni ọlọ́kọ̀ wí. Ta ló ń já àgbàlagbà nírọ́? Ó gbé bátìrì lérí, ó wọ́ omi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì ní Kétu.

A jókòó. Obìnrin kan wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, apẹ̀rẹ̀ ata kún un dé etí, kò sáyè fún èèyàn. "Ẹ ṣì wà níbẹ̀? Àfi bí i pé ẹ ti ń san rẹ́ǹtì."

Ìyá mi bi mí ní aago tó lù. Mo sọ ọ́. Nígbà tó yá, wọn ò bèèrè mọ́.

Ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá kí bátìrì tó dé. Wọ́n so ó mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì tún ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọlọ́kọ̀ ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tú ẹnu wáyà. Inú rẹ̀ ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ó fi ọ̀bẹ ha á, ó dè é padà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti pe orúkọ ìyá mi kọjá. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Mo ń bú tíṣà títí a fi délé. Ojú ìyá mi ni ò dáa, etí wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n gbọ́ nígbà tí ọlọ́kọ̀ yíjú sí mi láàárọ̀ kó tó gbé bátìrì lérí, tó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ rí sí i?"

Mo fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dijú díẹ̀, mo ní bátìrì ni.