Ọdúntán Olórin Eku

Nígbà tí Ọdúntán Ajíbóyè wà lọ́mọdé ní Iléṣà, ohun méjì ló dá a lójú: pé òun máa di olórin tí gbogbo ayé mọ̀, àti pé ìyá òun máa wà láyé láti fojú rí i. Ìyá kú kí Ọdúntán tó pé ọmọ ogún ọdún. Èyí tó kù ṣẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe tọrọ rẹ̀.

Òṣogbo ló fìdí kalẹ̀ sí. Ó ń ṣe àga onífóòmù nítòsí Ọjà Ọba, ohun tó bá sì rí níbẹ̀, sítúdíò ló ń gbé e lọ. Ó gbé àwo mẹ́ta jáde. Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ mọ gbogbo orin inú wọn lákọ̀sórí. Lẹ́yìn òun, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹlòmíràn mọ̀ wọ́n. Èyí tó jẹ Ọdúntán lógún jù ni orin tó kọ nípa ìyá rẹ̀. Ọdún méjì ló fi ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbé e lọ sílé iṣẹ́ rédíò kan, ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní, "Orin yìí dára. Ó tiẹ̀ dára jù fún wa." Ọdúntán ka ìyẹn sí ìyìn, ó sì ń ròyìn rẹ̀ káàkiri.

Àlàájà Kifayat tó ń ta oògùn eku ló ba nǹkan jẹ́, àbí ká ní òun ló tún un ṣe. Ó gbé àga ilé rẹ̀ wá fún àtúnṣe. Bí Ọdúntán ṣe tú aṣọ àga náà, ìtẹ́ eku ló bá nínú rẹ̀.

"Àlàájà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn?"

"Oògùn ń bẹ, bùọ̀dá. Ẹni tó máa bá mi polówó ẹ̀ ni ò sí. Ṣebí olórin ni yín? Ẹ bá mi kọrin kan sínú fóònù yìí."

Ọdúntán yọ ìṣó kúrò lẹ́nu, ó sì kọ èyí tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn:

"Eku tó jẹun lánàá, ó dìgbóṣe;
Eku tó ń bọ̀ lọ́nà, yà sílé kejì;
Ẹ di gèlè, ẹ palẹ̀ mọ́, oògùn ti dé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dá ìṣó padà sẹ́nu, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ìpolówó Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn Ọdúntán kiri láti Òṣogbo dé Iléṣà. Àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣeré. Àwọn olóṣèlú fi ń bú ara wọn. Gbajúmọ̀ olórin kan ní Èkó fi í sínú orin ijó rẹ̀, ó ní ojú àlá lòun ti gbọ́ ọ. Bí Ọdúntán bá wọkọ̀ tó sì yanu sọ̀rọ̀, àwọn èrò á máa wo ara wọn: "Ṣé kì í ṣe ohùn eku nìyí?"

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ bíbí àdúgbò rẹ̀ ní Iléṣà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ dá a lọ́lá, Ọdúntán ra fìlà tuntun.

"Wọ́n ti gbọ́ àwo mi," ló wí fún Àpìkẹ́.

"Bóyá," ni Àpìkẹ́ fèsì, ó sì ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Ní gbọ̀ngàn, wọ́n ní kó dá wọn lára yá. Orin ìyá rẹ̀ ló kọ, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń gbọn omi kúrò lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Wá kọ ti eku wàyí, ká lè lọ jẹun."

Ọdúntán wo Àpìkẹ́. Àpìkẹ́ mirí pé kó kọ ọ́. Kò tíì dé ìlà kejì tí gbogbo ilé fi dìde. Àwọn olóyè ká apá agbádá sókè, wọ́n ń jó, ìyá àgbà ń fi ọ̀pá lulẹ̀. Ohun tó ya Ọdúntán lẹ́nu ni pé inú òun náà dùn. Inú sì bí i pé inú òun dùn.

Wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì lé e lọ́wọ́. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i: "Fún iṣẹ́ ribiribi lórí ìmọ́tótó àyíká." Kò sí orin níbẹ̀ rárá.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, ó da ojú àmì ẹ̀yẹ náà délẹ̀ lórí itan. Àpìkẹ́ bi í pé, "Ṣé ìyá yín fẹ́ràn eku nígbà ayé wọn?"

"Wọ́n kórìíra ẹ̀ bí ikú."

"Inú wọn á dùn nígbà náà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọdúntán máa rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájà Kifayat tún dé. Ó ti ń ta oògùn aáyán báyìí, ó fẹ́ orin. Ọdúntán ní òun á kọ ọ́, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ máa dárúkọ òun, Ọdúntán Ajíbóyè, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí aráyé lè mọ ẹni tó ni ín. Àlàájà gbà láìjanpata.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí gbogbo Òṣogbo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lónìí, bí obìnrin bá dé ìsọ̀ Àlàájà, kì í béèrè oògùn aáyán mọ́. Ohun tó máa ń wí ni pé, "Ẹ fún mi ní Ọdúntán méjì, kẹ́ ẹ bá mi wo èyí tó le."