Ẹsẹ Kẹta Orin Ìyá Àgbà

Ẹ̀rọ kan wà níbi iṣẹ́ wa ní Mulhuddart, nílùú òyìnbó níbí, tó máa ń kan páálí pọ̀: kó, kó, kò. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, ọwọ́ mi á dẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta Ìyá Àgbà ṣe máa ń dún tó bá ń pa èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlaròó.

Ìyá tó bí ìyá bàbá mi ni. Nígbà èwe rẹ̀, láyé ìjọba òyìnbó, òun ló ń ṣe orin fún ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Kò mọ̀wé. Ìdí èkùrọ́ ló ti ń wá ohùn orin. Bí ohùn kan kò bá dùn mọ́ ọn, á dá òkúta dúró, á jẹ èkùrọ́ kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ló ń kọ ọ́ sínú ìwé, orúkọ ara rẹ̀ ló sì ń kọ sábẹ́ rẹ̀.

Orin kan ṣoṣo ni Ìyá fi pamọ́. Nígbà tó ń dirun fún àwa ọmọbìnrin mẹ́ta ilé wa, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ kan: Bọ̀sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Àdùkẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lẹ́yìn náà èmi.

"Ọjọ́ ìsìnkú mi ni kí ẹ tó kọ ọ́ pọ̀. Tí ẹ bá ti jà, ẹ ò lórin nìyẹn."

A ò jà. Lọ́jọ́ náà, Bọ̀sẹ̀ kọ tirẹ̀, Àdùkẹ́ kọ tirẹ̀. Ó kàn mí, mo wo ojú èrò, ẹnu mi kò ṣí. Àlùfáà rò pé ó ti parí, ó ní, "Àmín." Èmi náà ṣe àmín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, n kò tíì bọ́ bàtà, Bọ̀sẹ̀ pè. Ìjọ fẹ́ tẹ orin Ìyá jáde, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹsẹ méjì ni wọ́n ní. Ṣé kí n sọ pé ó parí síbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ó dọ̀la."

"Ọ̀la kẹ̀? Ìwọ aláàmín yìí!"

Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í sọ ọ́, yọjú láti kíṣìnnì, ó ní kí n ṣáà kọ ọ́: "Ah go on, Mam."

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo parí, Bọ̀sẹ̀ bi mí pé:

"Ibẹ̀ ló ti dárúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ibẹ̀ ló ti súre fún wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àdùkẹ́ ti kú, kò gbọ́ ìre tirẹ̀."

Láyé ìgbà náà, àfi kí ẹni mẹ́ta pé kí orin yẹn tó pé. Ní báyìí, Bọ̀sẹ̀ ti gba ẹsẹ tèmi náà sínú fóònù, ẹnikẹ́ni lè dá orin náà kọ. Ṣùgbọ́n orúkọ Àdùkẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rárá ni yóò máa súre fún un.