Fíìmù Sójà Tí Ó Pè Ní Òkú

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Yaákáwọlé là ń pè é. Ó ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá, tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èèyàn, tó ń ya á sí méjì. Bí èrò bá ti pọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á máa pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ya á ká wọlé." Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Ìdajì kan á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìdajì kejì á wọ inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń so mọ́ ìgbànú. Fíìmù tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń parí lọ́jọ́rú. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń tú wáyà náà, á ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, á sì lọ sọ iye rẹ̀ fún Màdáámù. Màdáámù ni opó tó ni ilé náà. Iye yẹn ló fi ń mọ̀ bóyá fíìmù á dúró di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí á padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣì í kà. Bó bá ní igba ó lé méje ni, o lè kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, igba ó lé méje náà ni. Àmọ́ ọwọ́ ló máa ń wò, kì í wo ojú. Ọwọ́ kan mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, ó gbà á, ó ya á, ọwọ́ míì dé. Ìyàwó rẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó ní, "Baálé mi, ẹ ṣeun o. Ẹ ya tèmi, kò wọ́."

Àna rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lókè, nínú yàrá kékeré tí ẹ̀rọ wà. Ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Ará Òkè là ń pe ìyẹn. Òun ló ń yí fíìmù. Yaákáwọlé ló mú un wá síbi iṣẹ́ náà nígbà tó gbé àbúrò rẹ̀ níyàwó tán tí kò tíì ríṣẹ́. Ọmọlúwàbí ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iná ẹ̀rọ ti jó ìka rẹ̀ méjì, àpá rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ihò kan wà lára ògiri yàrá náà tó máa ń gbà wo àwọn tó jókòó nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan tí òjò ń rọ̀ ni fíìmù sójà náà dé. Sójà méje ló wà níbẹ̀, wọ́n lọ gba àwọn dókítà kan tí ọ̀tá kó pa mọ́ sórí òkè. Ìbọn ń dún, hẹlikópítà ń já lulẹ̀, odò ń gbé èèyàn lọ. Kò sí òṣèré kankan níbẹ̀ tí a mọ̀. Pósítà rẹ̀ kò tiẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọ̀gá sójà tí wọ́n yà sórí rẹ̀ fajú ro bí ẹni tí inú ń run. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wọlé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, méjìdínlọ́gọ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń lọ sókè díẹ̀, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́rú, Ará Òkè sọ̀ kalẹ̀ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún Màdáámù kí wọ́n má tíì dá fíìmù yìí padà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn tó wò ó ló ń padà wá. Ọkùnrin apárí kan ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lánàá, ó kó èèyàn mẹ́rin dání. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì kan náà mú ọ̀rẹ́ wọn wá. Kí àwọn sójà tó la ẹnu, wọ́n ti bá wọn sọ ọ̀rọ̀ náà tán."

"Èèyàn mélòó ló wọlé lánàá?"

"N ò ka iye."

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Èmi kà á."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe iye ni mò ń sọ. Wọ́n ń mú ara wọn wá. Bí wọ́n bá fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ilé yìí ò ní gbà wọ́n."

Yaákáwọlé wò ó. "Àna mi, padà sókè. Ìwọ máa yí fíìmù, èmi máa ka èèyàn. Ọjọ́ tí fíìmù bá já, n ò ní wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́."

Ará Òkè rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gòkè lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dun Yaákáwọlé. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá síbi iṣẹ́ ló fẹ́ wá kọ́ ọ níṣẹ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tú wáyà, ó kà á. Òjìlérúgba ó lé ogún. Ó wọlé lọ bá Màdáámù. Mò ń gbálẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Màdáámù ní, "Àwọn tó ni fíìmù ní mo lè mú un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí lo rí sí i?"

"Òkú ni, Màdáámù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé e."

"Ará Òkè bá mi sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀."

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí fíìmù tuntun bá dé, Ará Òkè ló máa tú u sílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, á fi ọwọ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á lẹ ibi tó ti já. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ni. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá dúró, kò sí iṣẹ́ yẹn.

Yaákáwọlé ní, "Màdáámù, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ń sá fún."

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Àna mi ni. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n tó mi?"

Màdáámù rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa.

Irọ́ ni. Ará Òkè kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo mọ̀, Yaákáwọlé náà mọ̀. Mo gbálẹ̀ mi lọ.

Wọ́n kó fíìmù náà padà sínú agolo irin márùn-ún, ọkọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án. Fíìmù olólùfẹ́ ló rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin apárí dé. Èèyàn méjìlá ló tẹ̀ lé e. Ó dúró wo pósítà tuntun.

"Àwọn sójà wa dà?"

"Wọ́n ti lọ," Yaákáwọlé dá a lóhùn.

"Wọ́n lọ síbo? Ta ló lé wọn?"

"Èèyàn ò wá wò ó."

"Àwa wá ń kọ́? Ewúrẹ́ ni wá?" Ọkùnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ ya tíkẹ́ẹ̀tì títí, ẹ wá ya fíìmù mọ́ ọn."

Kí ó tó di alẹ́, a ti dá èèyàn tó lé ní ọgọ́ta padà. Ilé sinimá kejì, ní òdìkejì ojú irin, ló lọ gba fíìmù náà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àga. Yaákáwọlé gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án Àìkú kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn tó tò síta. Ó ka ọ̀ọ́dúnrún, ó fi í sílẹ̀, ó lọ sílé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, kásẹ́ẹ̀tì fíìdíò rẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn la wá rí nǹkan. Ilé tó bá ní ẹ̀rọ fíìdíò, ojú fèrèsé rẹ̀ kún. Obìnrin tó ń háyà kásẹ́ẹ̀tì lójú pópó ní ẹyọ mẹ́sàn-án, kò sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan sùn sórí pẹpẹ. Wọ́n wò ó títí àwòrán rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Àwọn ọmọdé ń pe ara wọn ní orúkọ àwọn sójà náà. Àwọn èèyàn jókòó sílé, àga wa ṣófo.

Kí n má purọ́, kì í ṣe fíìmù kan ló pa ilé sinimá wa. Fíìdíò ló pa á, ó sì pa ọ̀pọ̀ míì pẹ̀lú.

Màdáámù ṣe ohun tí àwọn yòókù ń ṣe. Ó ta ẹ̀rọ tó wà lókè, ó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan àti ẹ̀rọ fíìdíò, ó gbé wọn síwájú gbọ̀ngàn. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ni fíìmù sójà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni gbọ̀ngàn fi kún.

Fíìdíò kò nílò ẹni tó máa wà lókè. Ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì tán lè lọ tẹ bọ́tìnnì. Ẹnì kan péré ni Màdáámù fẹ́ fi sílẹ̀. Ó pe Yaákáwọlé.

"Ìwọ ni mo mú. Èkejì yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ọ̀lẹ ni."

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màdáámù."

Lọ́sẹ̀ kẹta tí fíìmù náà ń lọ, ọwọ́ kan na tíkẹ́ẹ̀tì sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ìka méjì ní àpá dúdú tó ń dán. Yaákáwọlé dúró díẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ya tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó dá ìdajì padà, ọwọ́ náà wọlé lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí Ará Òkè rí iṣẹ́ ọdẹ ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ní ìlú míì tó jìnnà. Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, àbúrò Yaákáwọlé wá dágbére fún un. Òun tí wọ́n lé ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ ló tún ń rẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́kún.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá fíìdíò sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún un jù. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ọdọọdún ni àbúrò rẹ̀ ń ní kó wá kí wọn. Ọdọọdún ló ń rí àwáwí. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń ya á. Gbọ̀ngàn fíìdíò náà kú nígbà tó yá, Màdáámù náà kú. Èmi àti òun ló kù tí a jọ ń jókòó níwájú ilé rẹ̀.

Lọ́dún yìí, wọ́n pè é pé ojú Ará Òkè ti fọ́ pátápátá. Ó ní òun máa lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún un lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n?"

"Ohun tó yẹ kí n sọ nígbà tó ṣì ń ríran."

Wákàtí mẹ́rin ló lò nínú bọ́ọ̀sì. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, ó mọ́ tónítóní. Àbúrò rẹ̀ ti hewú. Ó dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Bọ̀ọ̀dá mi, àṣé ẹsẹ̀ yín ò rọ." Ó ní kò gbọdọ̀ lọ láìjẹun, ó bọ́ sẹ́yìn lọ gbé ìrẹsì kaná. Ará Òkè jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Yaákáwọlé fa àpótí kan, ó jókòó síwájú rẹ̀. Ó mú un lọ́wọ́, ọwọ́ náà ló ń wò.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan. Màdáámù bi mí nípa fíìmù sójà yẹn, mo sọ fún un pé ọ̀lẹ ni ọ́. Mo ní iṣẹ́ lò ń sá fún. Irọ́ ni mo pa. Òun ló jẹ́ kó mú mi, kó lé ọ."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Màdáámù, lọ́jọ́ tó lé mi gan-an. Ìdí tí mo fi wá ra tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Fíìmù tí mo ti yí ní ìgbà méjìlá, kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀? Mo ní bóyá ẹ máa gbójú sókè."

"Mo rí ọwọ́ rẹ."

"Mo mọ̀. Ẹ dúró kí ẹ tó ya á."

Yaákáwọlé ní kó dárí ji òun. Ará Òkè ní òun ti ṣe é tipẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tẹ́tí, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwa méjì nìkan la wà níbí? N ò sọ ọ́ fún àbúrò yín rí. N ò fẹ́ kó má ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ìgbà yẹn ni Yaákáwọlé tó gbójú sókè. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó mú ife omi méjì lọ́wọ́. Yaákáwọlé kò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀.

Kò pariwo. Ó gbé ife kan fún ọkọ rẹ̀, ó rọra fi ìka ọkọ rẹ̀ dì í mú. Ó gbé ìkejì sórí tábìlì tó jìnnà.

"Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n," ló wí. "Mò ń gbàdúrà fún yín."

"Àbúrò mi."

"Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ń lọ láago márùn-ún. Ẹ máa lọ, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lójú ọ̀nà."

Ará Òkè ní, "Jẹ́ kó jẹun ná."

"Ti ẹni méjì ni mo sè," ni obìnrin náà dáhùn.

Òórùn ìrẹsì náà ti gba ilé. Yaákáwọlé dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Ọkọ nìkan ló dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, búrẹ́dì gbígbẹ àti ẹyin sísè kan ló jẹ, lórí ìdúró, ní gáréèjì.